Bí ẹ ṣe lè kan àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àwọn ará Finland l'Abuja, kó má lọ kán mọ́ yín nídìí

Ẹ má gbé fọ́tò lásán lọ bá káfíńtà. Mo tún un sọ o, ẹ má gbé fọ́tò lásán lọ bá káfíńtà, torí ohun tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Mo rí àpótí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ojú ìjókòó ẹ̀ rí róbótó bí ọmọrí ìkòkò, ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ bí orúnkún ẹni tó jókòó, kò sí ìṣó kankan tó hàn, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan, ó kàn dúró jẹ́jẹ́. Mo mú fọ́tò ẹ̀ lọ bá káfíńtà kan létí ọ̀nà ní Kubwa, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ lè ṣe eléyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé eléyìí náà niṣẹ́? Ẹ wá gbé e ní Fúráídè." Lóòótọ́ ló parí ẹ̀ ní Fúráídè, ó sì jọ ti fọ́tò gan-an, àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé, tí àǹtí mi tí wọ́n wá kí wa láti Òṣogbo jókòó lé e kí wọ́n rẹ́ ẹ̀fọ́, la bá gbọ́ "kàá!" láti kíṣìnì. Ẹ̀fọ́ fọ́n ká, àǹtí wà nílẹ̀, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́run ló yọ wá.

Nígbà tí ara balẹ̀ mo yẹ ibi tó ti kán wò. Ṣé ẹ rí i, káfíńtà yẹn gé ẹsẹ̀ tó tẹ̀ yẹn látinú pákó kan ṣoṣo, bí ẹní fi síásọ̀sì gé páálí. Igi sì ní iṣan, iṣan yẹn ń lọ gbọọrọ láti ìdí igi dé orí, bí ìgbà tí wọ́n di okùn pọ̀. Ẹ wo igi ìdáná, tẹ́ ẹ bá gbé àáké lé e lórí wẹ́rẹ́ ló ń là, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ gé e ní ìbú ẹ ó làágùn. Tẹ́ ẹ bá wá gé nǹkan tó tẹ̀ látinú pákó tó tọ́, ibì kan á wà lára ẹ̀ tí iṣan á dábùú, ibẹ̀ ò ní agbára kankan, ibẹ̀ náà ló sì máa ń jẹ́ orúnkún tó ń gbé gbogbo ìwúwo èèyàn. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí àwọn tó ni í gan-an ṣe ṣe é, mo wá rí i pé inú ẹsẹ̀ yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀ wà, ìjókòó róbótó yẹn ò ju kí èèyàn rí ibi fìdí lé lọ.

Alvar Aalto lorúkọ ẹni tó ṣe é, ayàwòrán ilé ni, wọ́n bí i ní 1898, ó kú ní 1976. Lásìkò tiẹ̀, irin onípáìpù lòde, àwọn ará Jámánì ń tẹ̀ ẹ́ ṣe àga, gbogbo aráyé sì ń sá tẹ̀ lé wọn. Aalto náà lò ó díẹ̀, àmọ́ ó ní irin ti tutù jù lára. (Tiwa tiẹ̀ yàtọ̀, ẹni tó bá ti jókòó sórí àga onírin tó wà nínú oòrùn l'Abuja lóṣù March á mọ̀ pé tiwa kì í tutù, ṣe ló ń jó ni nítan.) Òun àti Aino ìyàwó ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ kan nílùú Paimio nígbà yẹn, iṣẹ́ yẹn gbà wọ́n láti 1929 dé 1933, ibẹ̀ ni àga onígi tí wọ́n ń pè ní Paimio ti jáde ní 1932, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ká ẹní, ìtẹ̀sẹ́yìn ẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ kí aláìsàn lè mí dáadáa. Kò dá a ṣe o, Otto Korhonen tó ní ilé iṣẹ́ àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Turku ló ń bá a dán oríṣiríṣi wò. Ní 1933 ni wọ́n wá gbé àpótí wa yìí jáde, Stool 60 ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kó o kún ilé ìkàwé tí Aalto kọ́ ní Viipuri, ìlú tó ti wà lábẹ́ Rọ́ṣíà báyìí. Lọ́dún 1935, òun àti Aino àti Maire Gullichsen àti Nils-Gustav Hahl dá ilé iṣẹ́ Artek sílẹ̀ ní Helsinki, Aino ló sì padà wá ń darí ẹ̀ títí tó fi kú ní 1949. Artek ṣì ń ṣe Stool 60 yìí títí dòní, kò yí padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú iṣẹ́. Igi la máa kọ́kọ́ rà.

Birch ni tiwọn, igi tó funfun tí iṣan ẹ̀ dí dáadáa, kò sí níbí, ẹ má wulẹ̀ wá a. Èyí tí mo lò ni àfàrà funfun. Melína náà ṣeé lò tówó ò bá tó, àwọ̀ ẹ̀ mọ́, àmọ́ ó máa ń lọ́ díẹ̀ tí kò bá gbẹ. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo ìrókò torí pé ìrókò ni ọba igi, lóòótọ́ ọba ni, àmọ́ ọba kì í tẹrí ba, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ó máa bá yín jà. Arère rọ̀ jù, síkúrúù á máa yọ nínú ẹ̀.

Ọjà pákó tó wà ní Dei-Dei ni mo ti ra tèmi. Ẹ mú tépù lọ o, torí ohun tí wọ́n bá pè ní íǹṣì méjì, ẹ wọ̀n ọ́n, ó lè má pé. Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ pákó wò, ẹ wá èyí tí ìlà iṣan ẹ̀ lọ tààrà láti ìkangun kan dé ìkejì, tí kò ní kókó. Alájì tó ń tà á á máa wò yín pé kí lẹ tún ń wá, ẹ jẹ́ kó máa wò.

Gbígbẹ igi lohun tí mi ò ní fọ́wọ́ kékeré mú níbí. Apá gúúsù lọ́hùn-ún, níbi tí omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ni púpọ̀ nínú pákó yìí ti ń wá, ìta ni wọ́n ń tò ó sí ní Dei-Dei, òjò ń pa á. Tẹ́ ẹ bá kan án bẹ́ẹ̀, tí ọyẹ́ wá dé láàárín December sí February, ṣé ẹ mọ ọyẹ́ Abuja, èyí tó ń la ètè tó ń la gìgísẹ̀, á fa gbogbo omi inú igi yẹn jáde, igi á sún kì, oríkèé á tú, ojú ìjókòó á là. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ gé pákó yẹn sí ìwọ̀n tó fi díẹ̀ ju ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ tò ó sínú yàrá, ẹ fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má kó o sínú oòrùn torí pé á lọ́. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ fi ìwọ̀n kíṣìnì wọ̀n ọ́n, ẹ kọ iye gíráàmù sára ẹ̀ pẹ̀lú péńsù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí ìwúwo ẹ̀ ò bá dínkù mọ́ ló gbẹ. Tèmi gba bí oṣù méjì, ìyàwó mi fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ síta. Tí káfíńtà yín bá ní mítà tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi, kó má ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹsẹ̀ wá kàn. Ọgbọ́n Aalto rèé. Kò gé igi sí ìrísí tó tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe gbogbo ẹsẹ̀ látòkè délẹ̀. Igi gidi tó tọ́ ló mú, ó wá fi ayùn la ìkangun kan ṣoṣo, ó là á ní òró, níbi tó fẹ́ kó tẹ̀ nìkan, ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti fi gọ́ọ̀mù pa kún ojú ayùn kọ̀ọ̀kan, ó wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú ìwé tó nípọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹ rí i pé ojú ewé ń yọ̀ kọjá ara wọn létí? Ohun tó ń jẹ́ kó tẹ̀ nìyẹn. Tí gọ́ọ̀mù bá wá gbẹ láàárín ojú ewé yẹn, kò ní lè yọ̀ padà mọ́, ó di igi kan, iṣan ẹ̀ sì tẹ̀ lé orúnkún yẹn láti ìsàlẹ̀ dókè láìdábùú níbì kankan. Ó gba patent lórí ẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ pé òun ló ni ọgbọ́n náà.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún bàbá káfíńtà kan ní ọjà àga tó wà ní Kugbo, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n máa kọ ilà fún ẹsẹ̀ àpótí ni? Pélé lo fẹ́ àbí gọ̀ǹbọ́?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bàbá gbà, báyìí la sì ṣe ṣe é.

Ẹ gé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ńtímítà 60 ní gígùn, 5 ní fífẹ̀, 3 ní nínípọn. Mẹ́rin ni kẹ́ ẹ gé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta lẹ máa lò, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ìkẹrin yẹn. Láti ìkangun kan, ẹ la ilà márùn-ún tó lọ jìnnà tó sẹ̀ńtímítà 20, kí ilà yẹn pín nínípọn igi sí ọ̀nà mẹ́fà dọ́gbadọ́gba. Mẹ́ṣíìnì ayùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bẹ́líìtì ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ti róbótó yẹn, torí ti róbótó máa ń jẹ igi jù. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ fi kíláńpù há ibi tí ojú ayùn parí sí mọ́lẹ̀ gidi, torí ibẹ̀ ni igi máa fẹ́ là gba lọ. Àkọ́kọ́ tiwa là gba lọ, òun ló fi jẹ́ pé mẹ́rin ni mo ní kẹ́ ẹ gé.

Mọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ fi agolo mílíìkì ńlá fa ìlà ìtẹ̀ yẹn sórí pákó tó nípọn, ẹ gé e, ẹ fi sáńpépà fá a kó dán, ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ọn kí gọ́ọ̀mù má baà mú un. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ju igun gan-an lọ díẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá tú kíláńpù igi máa ń fẹ́ nà padà.

Wàyí o, gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ò fẹ́ràn igi tó tutù, igi gbígbẹ tí ò rí omi gbígbóná náà ò fẹ́ràn kí wọ́n tẹ òun, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì la máa tẹ̀ ẹ́. Ìkíní, ẹ ki ìkangun tó ní ilà yẹn bọ omi tó ń hó fún bí ìdajì wákàtí, ẹ fà á yọ, ẹ fi ìbọ̀wọ́ tàbí aṣọ dì í mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kánjú, ẹ ó máa gbọ́ tó ń dún kẹẹrẹ kẹẹrẹ, ìyẹn kò burú, tó bá dún fàù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ há a mọ́bẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bí ọjọ́ márùn-ún kó gbẹ. Ìkejì, ẹ tú u, ẹ gé fíníà, ìyẹn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, sí ìwọ̀n, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á níwájú-lẹ́yìn, ẹ ti ewé mélòó kan bọ ojú ayùn kọ̀ọ̀kan títí tó fi kún àmọ́ tó ṣì lè yọ̀, ẹ wá tún dá a padà sórí mọ́ọ̀dù, ẹ há a pẹ̀lú gbogbo kíláńpù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kan gbáko, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bàbá fẹ́ tú u lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà, mo bẹ̀ wọ́n. Nígbà tá a tú u láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gọ́ọ̀mù tó yọ jáde ti gbẹ lára ẹ̀ bí omi imú ọmọdé, bàbá fi sáńpépà fá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, funfun, pupa, funfun, pupa, ó rẹwà débi pé bàbá pe àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì kí wọ́n wá wò ó. (Fíníà ọ̀gánwó la fi sáàárín àfàrà, Aalto ò ṣe bẹ́ẹ̀, tèmi ni.)

Ìjókòó ò le rárá. Plywood mílímítà 18 méjì, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ gé róbótó tó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 38, ẹ fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí etí ẹ̀ po. Láti mọ ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa wà, ẹ má ṣírò kankan, ẹ fi okùn wọn láti àárín ìjókòó dé etí ẹ̀, ẹ máa fi okùn kan náà sàmì yí etí ká, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló máa bá ara ẹ̀, ẹ wá mú àmì kan, ẹ fo ọ̀kan. Ẹ gé ẹsẹ̀ kí gbogbo àpótí náà ga ní sẹ̀ńtímítà 44. Síkúrúù sẹ̀ńtímítà 5, mẹ́ta mẹ́ta fún ẹsẹ̀ kan, láti abẹ́, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lu ihò fún un. Ìṣó kọ́ o! Tí káfíńtà bá ti na ọwọ́ sí ìṣó, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Ẹnì kan á béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n. Táìsì ilé tí mò ń gbé ò dọ́gba rárá, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń jó níbẹ̀, eléyìí ò mì. Wọ́n tún ń tò gunra wọn, ẹ kàn yí tòkè díẹ̀, ó jókòó sórí tìsàlẹ̀, mẹ́wàá ò gba ju ibi tí ẹyọ kan máa gbà lọ nílẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ nínú fúláàtì oníyàrá méjì mọ ìwúlò ìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi gbogbo ara tẹ etí ẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjì, á dojú dé. Ẹ má gun un pààrọ̀ gílóòbù. Ẹni tí kò bá lè fara mọ́ ọn, Aalto ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà, E60.

Tẹ́ ẹ bá ka gbogbo wàhálà ìtẹ̀ yìí tó sú yín, ó tún ku Ilmari Tapiovaara, ará Finland mìíràn tó ń ya àwòrán àga. Wọ́n bí i ní 1914, ó kú ní 1999. Aalto ni gbogbo ayé ń pariwo, àmọ́ èmi, tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, Tapiovaara ni màá mú, torí mẹ̀kúnnù ló rò mọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Òun àti Annikki ìyàwó ẹ̀ ló ṣe àga Domus ní 1946 fún ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Domus Academica ní Helsinki, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, nǹkan ò sí, àga ọ̀hún rọrùn láti tò lérí ara wọn, apá ẹ̀ sì kúrú kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fà á sún mọ́ tábìlì dáadáa láti kàwé. Èyí tó bá wa mu l'Abuja ni Pirkka tiẹ̀, ti 1955. Àpótí Pirkka, pákó méjì ló fi ṣe ìjókòó, ó fi àlàfo sáàárín wọn, ẹsẹ̀ tó tọ́ tó ya díẹ̀ síta, kò sí ìtẹ̀ kankan.

Fún irú ẹ̀, ẹ gé páálí sí igun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ fi ya, ẹ gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírìlì, kí ojú dírìlì máa tẹ̀ lé etí páálí, gbogbo ihò á bára mu. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ ju ìjókòó lọ, mo máa ń kó tèmi sórí fíríjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó jẹ́ pé tó bá ti wọlé tán, ìjókòó ni á máa sún kì mọ́ ọn. Ẹ fi ayùn la orí ẹsẹ̀, ẹ tì í bọ ihò, ẹ wá gbá ẹ̀rún igi tẹ́ ẹ gbẹ́ lẹ́nu ṣóńṣó sínú ojú ayùn yẹn látòkè. Kí ẹ̀rún yẹn dábùú iṣan ìjókòó, tó bá gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú iṣan, ẹ ti la ìjókòó yín sí méjì nìyẹn.

Àwọn kan á sọ pé Antti Nurmesniemi ńkọ́, ará Finland tó ṣe àpótí sauna (ilé ooru tí wọ́n ti ń jókòó làágùn) fún Hòtẹ́ẹ̀lì Palace ní Helsinki ní 1952, tí ojú ẹ̀ rí bíi pátákò ẹṣin. Ó rẹwà, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ìjókòó yẹn gba kí èèyàn lẹ igi pọ̀ kó sì gbẹ́ ẹ, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Fáníìṣì ló kù. Káfíńtà á fẹ́ fi kọ́lọ̀ pupa kùn ún kó dà bíi ọ̀gánwó kó máa dán yinrin. Ẹ dúró tì wọ́n. Èyí tí kò ní àwọ̀, tí kì í dán, ni kẹ́ ẹ rà, ẹ kùn ún fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi sáńpépà 320 pa á láàárín, ẹ sì kun abẹ́ ìjókòó náà, àwọn èèyàn kì í fẹ́ kun abẹ́ torí kò hàn, àmọ́ tí òkè bá ní fáníìṣì tí abẹ́ ò ní, ọyẹ́ á máa fa omi láti ẹ̀gbẹ́ kan, pákó á sì ká kò.

Àǹtí mi tún wá lọ́dún yìí. Mo gbé àpótí tuntun jáde, wọ́n yí i dojú dé, wọ́n fọwọ́ ra orúnkún ẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n. "Ìwọ kọ́kọ́ jókòó ná." Mo jókòó. Wọ́n ní kí n dìde, kí n tún jókòó, kí n fi gbogbo ara bì lé e. Mo ṣe gbogbo ẹ̀. Wọ́n wá fa àga oníke kan wá láti pálọ̀, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀fọ́ lé àpótí Aalto lórí.